Ìlẹ̀kẹ̀ tí Bọ́ílà Ń Dúró Dè

Mọ́ńdè, 8 Máàṣì 1976

Mo lọ wo Òjó ní ọsibítù ní Igbó-Ọrà. Páìpù tó bẹ́ ní Fúráìdé lára bọ́ílà, ìkòkò irin ńlá tó ń se omi ní ilé iṣẹ́ èso inú agolo wa, ti bó o láti èjìká dé ìgbọ̀nwọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń fi páálí fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó bi mí pé, "Màmá Dúpẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń yẹ omi wò ní ilé iṣẹ́, kí ló ṣe páìpù náà gan-an?"

Mo sọ fún un. Omi kànga ẹ̀rọ wa le. Ẹfun inú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù. Ibi tó bá ti nípọn, iná á gbóná ju ohun tí irin lè gbà lọ, irin á sì ya. Ìlẹ̀kẹ̀ ike kéékèèké inú táńkì omi ló máa ń gba ẹfun yẹn kúrò kí omi tó dé bọ́ílà, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ wa ti fọ́ di ìyẹ̀fun láti Jánúárì. Àwọn tuntun wà nínú ọkọ̀ òkun kan ní iwájú Àpápá, lẹ́yìn àìmọye ọkọ̀ sìmẹ́ńtì tí àwọn náà ń dúró.

"Ṣé Máníjà mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mo wí fún wọn. Mo tún wí."

Ó ń fẹ́ ọkọ rẹ̀ lọ.

Nínú mọ́tò tí mo wọ̀ padà sí Èrúwà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń rò. Bàbá Dúpẹ́, ọkọ mi, ni ó yẹ kó wà nídìí bọ́ílà lọ́jọ́ yẹn. Ibà tó ń ṣe ọmọ wa Dúpẹ́ ló mú un dúró sílé, tí Òjó fi dúró nípò rẹ̀.

Túsìdé, 9 Máàṣì

Wọ́n ti dí ẹnu páìpù tó bẹ́ náà ní ìhà méjèèjì, iná ti tún ń jó. Lórí oúnjẹ àárọ̀ ni mo bẹ̀ ẹ́.

"Bàbá Dúpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ girama á gbà yín kí ẹ máa tún ẹ̀rọ wọn ṣe."

Ó jẹ ẹ̀kọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó dáhùn. "Tí mo bá kúrò níbẹ̀, ta ni wọ́n máa fi síbẹ̀?"

Mo mọ̀ ọ́n.

"Àyànkúnlé tó ń kó igi ìdáná fún wa ni. Kò tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìró omi tó ń hó àti ìró irin tó ń ké. Ìyàwó rẹ̀ bímọ lóṣù tó kọjá." Ó dìde, ó wọ bàtà. "Èmi máa ń gbọ́ ọ, Rósálìnì. Kí páìpù tó bẹ́, ó máa ń sọ̀rọ̀."

Òjó náà kò ha létí ni?

Tọ́sìdé, 11 Máàṣì

Mo wọ ọ́fíìsì Máníjà wa, Ọ̀gbẹ́ni Àkíbù. Mo ní màá ṣe ìlẹ̀kẹ̀ náà fúnra mi. Ọ̀gbẹ́ni Àkíbù bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nu ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́.

"Ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn òyìnbó ń ṣe? Ní Èrúwà níbí?"

"Mo kà nípa rẹ̀ ní yunifásítì. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

"Ẹ ti ṣe é rí?"

"Rárá, sà."

Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n nawọ́ sí ojú fèrèsé, níbi tí àwọn ará Lánlátẹ̀ ti ń já apẹ̀rẹ̀ màǹgórò kalẹ̀. "Èmi ni mo lọ láti oko dé oko tí mo ní kí wọ́n má ta màǹgórò wọn fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ní ilé iṣẹ́ á gbà á tán. Tí bọ́ílà bá kú, kò sí omi gbígbóná, kò sí agolo èso kan tó máa jáde. Kí ni mo fẹ́ wí fún wọn?" Wọ́n ní kí n lo yàrá àyẹ̀wò àti búkà ẹ̀yìn ilé. Ṣùgbọ́n iná bọ́ílà kò ní kú nígbà tí mo bá ń ṣe é.

Ìyẹn ni pé ojoojúmọ́ tí mo bá fi ń kọ́ iṣẹ́, ọkọ mi ni ó ń fi ara rẹ̀ san án.

Mọ́ńdè, 15 Máàṣì

Ìbàdàn. Eruku ọ̀nà bò wá láti Èrúwà dé Ìdó. Mo lọ bá Búrẹ́mọ̀, bàbá kan tó ń fi ike dí ara bọ́ọ̀sì tó ti dípẹtà. Oje kan tí kò ní àwọ̀ ló fi ń la ike rẹ̀, òórùn rẹ̀ ń gún imú. Oje náà ni mo wá gbà.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Ìyáàfin?"

"Ìlẹ̀kẹ̀."

"Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí?" Gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí páìpù ti bẹ́. Ó fún mi ní kẹ́ẹ̀gì oje kan àti ìpara funfun tó ń mú kó gan.

Láti ibẹ̀ mo kọjá sí ọ̀dọ̀ Wúràọlá ní yunifásítì. A jọ kàwé ni, òun ló ń tọ́jú ilé ẹrù oògùn wọn báyìí. Ó bá mi bèèrè oògùn asopọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, èyí tó máa ń de oje náà pọ̀ kó má baà yọ́ padà. Wọ́n fún mi. Bí ó ṣe ń dì í fún mi, ó ń wò mí lójú. "O ti rù, Rósà."

Wẹ́sìdé, 17 Máàṣì

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Èèyàn á pò sítáàṣì ẹ̀gẹ́ mọ́ omi gbígbóná, á da oje sí i, á sì máa rò ó láìdáwọ́ dúró. Oje náà á pín sí ẹ̀kán róbótó róbótó, sítáàṣì ni kò ní jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn. Tó bá pẹ́, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan á gan di ìlẹ̀kẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà láàárín tí wọn kì í ṣe omi mọ́, tí wọn ò tíì di ike, tí wọ́n ń lẹ̀ bí oje igi. Bí rírò bá dúró nígbà náà, ó parí.

Mo so ọ̀pá ìrokà mọ́ ẹ̀rọ kékeré tó ń lo iná jẹnẹrétọ̀. Mo rò ó láti àárọ̀. Ó ń lọ dáadáa, omi náà funfun bí wàrà. Ní ọ̀sán, jẹnẹrétọ̀ kú. Dísẹ́ẹ̀lì tán.

Mo fi ọwọ́ rò ó. Ọwọ́ mi kò yá tó.

Ó di òkúta kan ṣoṣo, ọ̀pá náà há sínú rẹ̀ bí ọwọ́ agbada. Mo gbé e, mo jókòó sílẹ̀, mo gbé e lé itan.

Fúráìdé, 19 Máàṣì

Dísẹ́ẹ̀lì kò sí ní Èrúwà, kò sí ní Lánlátẹ̀. Wọ́n ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bàbá Dúpẹ́ wọlé pẹ̀lú ojú pupa. Mo bu omi fún un kí ó fi bọ́jú.

Mọ́ńdè, 22 Máàṣì

Salome aránṣọ, ọ̀rẹ́ mi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì, wá kí Dúpẹ́. Ó bá mi níbi tí mo ti ń fi òòlù gbìyànjú láti gba ọ̀pá mi padà lọ́wọ́ òkúta yẹn. Mo ṣàlàyé fún un.

"Nǹkan tó ń yí láìdúró ni o ń wá?" Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síta. "Ẹsẹ̀ yìí ti ń yí máṣíìnì láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọge."

Ọ̀sán yìí la gbé máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ wá sínú búkà lórí ọmọlanke. A yọ orí rẹ̀ kúrò, a fi bẹ́líìtì rẹ̀ yí ọ̀pá ìrokà. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀pá ń yí. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ bí ẹni tó ń rán aṣọ ọdún.

"Tí o bá dúró ńkọ́?"

"Mi ò ní dúró. Máa sọ ìtàn fún mi."

Wẹ́sìdé, 24 Máàṣì

Ìlẹ̀kẹ̀!

A kò jẹ́ kí iná súnmọ́ oje náà. Omi gbígbóná ni à ń rù wọlé láti ìta, tí a ń dà sínú agbada ńlá tí ìkòkò wa jókòó sí. Salome tẹ máṣíìnì láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀. Mo sọ ìtàn títí ìtàn tán, mo wá ń ka Sáàmù. Nígbà tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ há, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ti ẹsẹ̀ mi bọ ibẹ̀ kó tó yọ tirẹ̀, kó má baà dáwọ́ dúró rárá. A rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Nígbà tí mo sẹ́ ẹ, wọ́n ń yí ká inú asẹ́ bí ẹyin ẹja. Wọ́n mọ́, wọ́n róbótó, wọ́n tàn. Mo tẹ ọ̀kan láàárín eyín mi, kò fọ́.

Mo gbé díẹ̀ lọ fún Bàbá Dúpẹ́ ní ẹnu ọ̀nà ilé bọ́ílà. Ó dà wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó dúdú, ó ń yí wọn kiri. Ó fi wọ́n sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ níbi àyà.

Sátidé, 27 Máàṣì

Ó ti bàjẹ́.

Ìlẹ̀kẹ̀ lásán kò lè gba ẹfun. Ásíìdì ló ń fún un lágbára yẹn. Mo rẹ gbogbo wọn sínú ásíìdì gbígbóná nínú ìkòkò dídán, wọ́n di pupa rúsúrúsú bó ṣe yẹ. Mo wá da omi lé wọn lórí láti fọ̀ wọ́n. Ìró kan bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí gúgúrú bá ń ta nínú ìkòkò. Mo kọ́kọ́ rò pé ìkòkò ló ń sán. Ìlẹ̀kẹ̀ mi ni. Gbogbo wọn ń fọ́ lójú mi, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kò fi sí ohun tó kù ju ẹrẹ̀ pupa lọ.

Salome dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn?"

Mo sunkún níwájú rẹ̀.

Mọ́ńdè, 29 Máàṣì

Bàbá Dúpẹ́ mú èépá kan wá sílé látinú páìpù. Ó nípọn bí èèpo igi, ó funfun bí ẹfun. Ó gbé e sórí tábìlì, níwájú oúnjẹ.

"Kí ni mo fẹ́ fi èyí ṣe?" ni mo bi í.

"Kí o mọ̀ pé kò sí àyè mọ́."

Inú bí mi. Mo ní ṣé ó rò pé mo ń ṣeré nínú búkà ni. Ó ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní bí ó bá mọ̀ pé kò sí àyè, kí ló ń wá níbẹ̀ láràárọ̀? Ó ní mo mọ ohun tí òun ń wá. Dúpẹ́ fi ọwọ́ di etí. Ìgbà náà la tó dákẹ́.

Bàbá Dúpẹ́ ti bẹ Máníjà pé kí wọ́n pa iná fún ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n fi ásíìdì fọ inú páìpù. Wọ́n ní lẹ́yìn màǹgórò. Àwọn èèyàn ìjọba ìpínlẹ̀ tuntun yìí ń bọ̀ wá wo ilé iṣẹ́, wọn kò gbọ́dọ̀ bá a ní títì.

Fúráìdé, 2 Éépírì

Ìbàdàn. Wúràọlá gbọ́ ìtàn mi tán. "Ṣé omi lásán lo dà lé e?"

"Kí ni ǹ bá dà?"

"Rósà! Ìta rẹ̀ nìkan ló mu ásíìdì, inú rẹ̀ kò mu ún. Bí omi ṣe kàn án, ìta wú lẹ́ẹ̀kan náà, inú kò wú. Kò lè ṣe kó má ya." Ó mú bébà, ó ya òbìrìkítí fún mi. "Kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń fọ kóòtù. Ìyẹn á mú kó wú dé inú, ásíìdì á lè dé àárín. Tó o bá sì fẹ́ fọ̀ ọ́, bu omi la ásíìdì náà ní díẹ̀díẹ̀. Má kánjú. Kó tó kan omi lásán, kó ti gbàgbé pé òun wà nínú ásíìdì."

"Kò sí àyè, Wúràọlá."

"Tó o bá kánjú, wàá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó sin mi dé ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì lé itan dé Èrúwà.

Túsìdé, 6 Éépírì

Òjò àkọ́kọ́. Páànù búkà ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí Salome ní láti máa pariwo bá mi sọ̀rọ̀.

A ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tuntun lánàá àti lójọ́ Sátidé. Lónìí, mo fọ̀ wọ́n bí Wúràọlá ṣe wí. Mo ń bu omi la ásíìdì, mo ń dúró, mo tún ń bù ú. Mo ń tẹ́tí sí ìkòkò náà bí ẹni tó ń tẹ́tí sí àyà aláìsàn. Mi ò gbọ́ ìró kankan, òjò nìkan.

Wọn ò ya. Mo fi omi gbígbóná ṣe wọ́n, mo fi ti tútù ṣe wọ́n, mo rẹ wọ́n sínú omi iyọ̀, èyí tó ń jí agbára wọn, mo tún fọ iyọ̀ kúrò. Mo fi dígí tó ń mú nǹkan tóbi wò wọ́n. Wọ́n dúró róbótó. Mo da omi kànga gba àárín wọn kọjá, mo fi ọṣẹ dán an wò, ó hó bí omi òjò.

Ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta péré ni. Táńkì náà ga ju Bàbá Dúpẹ́ lọ.

Fúráìdé, 9 Éépírì

A ti ń fi dírọ́ọ̀mù ṣe é báyìí. Àwọn ìyàwó méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì wá ń bá Salome tẹ máṣíìnì ní ìgbà dé ìgbà. Òórùn oje náà kò kúrò ní ẹnu mi, oúnjẹ kò dùn. Orí ń fọ́ mi. Ásíìdì ti jẹ ìdí ìró mi.

Màǹgórò ti dé góńgó. Àwọn ará Ayétẹ̀ ń kó o wá nínú lọ́rì. Iná bọ́ílà ń jó láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Mọ́ńdè, 12 Éépírì

Ó ku díẹ̀ kó tó ìdajì táńkì. Mo lọ bá Máníjà. "Sà, ẹ pa iná fún ọjọ́ díẹ̀ péré. Kí n parí rẹ̀."

"Ẹ da èyí tó wà nílẹ̀ sínú rẹ̀ ná."

"Ìdajì kò ní ṣiṣẹ́, sà. Iṣẹ́ yẹn á pọ̀ fún un, ẹfun á gba àárín rẹ̀ kọjá."

"Lẹ́yìn Àjíǹde, Màmá Dúpẹ́. Mo ṣèlérí. Lẹ́yìn Àjíǹde."

Wẹ́sìdé, 14 Éépírì

Bàbá Dúpẹ́ wà láàyè. Mi ò lè kọ ju èyí lọ.

Sátidé, 17 Éépírì, Igbó-Ọrà

Ó sùn. Mo fẹ́ kọ ọ́ báyìí kí n tó gbàgbé bó ṣe tẹ̀ léra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rò pé mo lè gbàgbé.

Inú búkà ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ ọ. Kì í ṣe bí ìbọn, bí wọ́n ṣe ń sọ. Bí ìgbà tí ilẹ̀kùn ńlá kan bá gbá ni, lẹ́yìn náà ìpòṣé gígùn kan tí kò parí. Salome dáwọ́ dúró. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Oje inú dírọ́ọ̀mù gan síbẹ̀, a ò wẹ̀yìn.

Ooru omi gbígbóná ti bo gbogbo ẹnu ọ̀nà. Àyànkúnlé wà nílẹ̀ níta, orúnkún rẹ̀ bó, ó ń ké pé, "Wọ́n tì mí! Wọ́n tì mí ni!" Mo kígbe lé e lórí pé ta ni ó tì í. "Bàbá Dúpẹ́. Wọ́n ń fetí sílẹ̀, wọ́n ní, 'Ó ń ké.' Wọ́n gbá mi mú lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n jù mí síta. Wọ́n padà lọ ti omi pa."

Ó padà. Bí kò bá padà lọ ti ọ̀nà omi tútù tó ń wọ inú irin gbígbóná yẹn pa ni, gbogbo bọ́ílà ni ì bá bẹ́, pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ń bó màǹgórò ní apá kejì ògiri. Gbogbo wọn ń sọ ọ́ fún mi bí ohun tó yẹ kó tù mí nínú.

Ẹ̀yìn rẹ̀ àti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló bó. Nígbà tí wọ́n ń bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì lára rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tí mo fún un bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, wọ́n ń yí lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì tẹ ọ̀kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀. Ó ní kí lèyí. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n.

Sọ́ńdè Àjíǹde, 18 Éépírì

Ó bèèrè omi. Ó mọ̀ mí. Ó ní, "Àyànkúnlé ńkọ́?"

Tọ́sìdé, 22 Éépírì

Máníjà wá sí ọsibítù. Wọ́n dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, wọn ò lè wo ẹ̀yìn rẹ̀. Omi wà lójú wọn, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe pè mí síta, wọ́n ní àwọn alágbẹ̀dẹ irin láti Ìbàdàn ti ń pààrọ̀ páìpù, ó máa parí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ní màǹgórò ìkẹyìn kò ní dúró. "Nígbà tí wọ́n bá parí, a máa kàn dá iná díẹ̀ ná, ẹ̀yin náà á sì máa ṣe ìlẹ̀kẹ̀ yín lọ."

Mo wo ẹnu wọn bí ó ṣe ń sọ ọ́.

Mo padà sí Èrúwà lọ́sàn-án. Èmi àti Salome kó gbogbo agolo ìlẹ̀kẹ̀ kúrò ní búkà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a ti ilẹ̀kùn.

Túsìdé, 27 Éépírì

Láti ọjọ́ náà, nínú ẹ̀yìnkùlé Salome la ti ń ṣe é. Èyí tó kẹ́yìn wà nínú omi iyọ̀. Ó pé. Ó tó kún táńkì.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí lówùúrọ̀ yìí. Àwọn àgbẹ̀ kún ẹnu géètì, apẹ̀rẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀, òórùn èso tó ti ń kan gba gbogbo afẹ́fẹ́. Máníjà sọ ọ́ sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́: "Màmá Dúpẹ́, ẹ kó ìlẹ̀kẹ̀ wá. Ẹ fẹ́ kí èso àwọn èèyàn yìí jẹrà ni?"

Mo ní, "Mi ò ní kó o wá, sà."

Ariwo ta. Bàbá Zachariah láti Lánlátẹ̀ sún mọ́ mi, inú ń bí wọn. "Ọmọ mi, ohun tí mo fi ọdún kan tọ́jú ni ò ń wò nílẹ̀ yìí o."

"Bàbá, mo mọ̀. Ọkọ mi ń da ojú bolẹ̀ ní Igbó-Ọrà, kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Mo wí fún wọn kó tó ṣẹlẹ̀. Òjó ṣáájú rẹ̀, mo ti wí. Bí mo bá kó ìlẹ̀kẹ̀ wá lónìí, wọ́n á lò ó. Lọ́jọ́ tí agbára ìlẹ̀kẹ̀ náà bá tán, tí ó ní láti sinmi nínú omi iyọ̀, wọ́n á tún ní kí iná máa jó, torí èso ń dúró. Ta ni ó kàn?"

"Kí lẹ wá fẹ́?" ni Máníjà wí.

"Kí ẹ wí níwájú wọn pé ẹni tó ń yẹ omi wò ló máa sọ bóyá iná á jó. Bí omi bá le, iná kò ní jó, ì báà jẹ́ pé gómìnà ló ń bọ̀."

"Ìyẹn ni pé ẹ̀yin lẹ máa di máníjà."

"Ẹ̀yin ni máníjà, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ ń dúró níwájú rẹ̀."

Wọ́n ní ohun ilé iṣẹ́ ni ìlẹ̀kẹ̀ náà, wọ́n lè pe ọlọ́pàá. Mo ní kí wọ́n pè wọ́n. Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò gbọ́ ohùn ara mi dáadáa.

Àyànkúnlé ló jáde láti ilé bọ́ílà. Ó gbé igi tó wà ní èjìká rẹ̀ sílẹ̀ níwájú Máníjà, ó jókòó lé e. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù jáde lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n jókòó.

Bàbá Zachariah wo Àyànkúnlé, wọ́n wò mí, wọ́n wá kọjú sí Máníjà. "Kí lobìnrin yìí bèèrè tó le níbẹ̀? Ẹ wí i, kí a lè ráyè ta èso wa."

Ọ̀gbẹ́ni Àkíbù bọ́ awò ojú. Ó pẹ́ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ padà. Wọ́n wí i. Wọ́n wí i lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí àwọn tó wà lẹ́yìn ní àwọn ò gbọ́.

Mo yà sẹ́yìn ògiri, mo bì.

Mọ́ńdè, 3 Méè

Wọ́n yọ̀ǹda Bàbá Dúpẹ́ ní ọsibítù. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ká, dókítà ní bóyá wọ́n á nà, bóyá wọn ò ní nà. Dúpẹ́ kò fẹ́ sún mọ́ ọn. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wò ó láti ibẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Túsìdé, 4 Méè

A da ìlẹ̀kẹ̀ sínú táńkì. Salome da agolo tó kẹ́yìn, ó gbá ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ọ̀kan má baà ṣẹ́kù. Mo ti yẹ omi tó jáde wò lẹ́ẹ̀mélòó kan. Kò sí ẹfun nínú rẹ̀.

Ìdámẹ́ta màǹgórò ọdún yìí ti jẹrà. Àwọn ará Ayétẹ̀ kan ní àwọn ò ní wá lọ́dún tó ń bọ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi.

Tọ́sìdé, 6 Méè

Iná jó lónìí.

Bàbá Dúpẹ́ ní dandan, òun máa wà níbẹ̀. A rìn lọ díẹ̀díẹ̀. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lé èjìká lásán torí kò lè fara kàn án. Gbogbo èèyàn ń kí i, ó ń dáhùn. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé bọ́ílà, ó dúró. Mo rò pé ó fẹ́ sinmi ni. Mo wo ojú rẹ̀, òógùn ti bò ó. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dá a padà. Ó tún gbé e.

"Rósálìnì," ló wí, "mi ò lè wọlé."

Ọkùnrin tó padà sínú ooru yẹn ni o. Mo mú un lọ sábẹ́ igi màǹgórò tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, mo jókòó tì í. Àyànkúnlé ń wò wá láti inú, kò dá iná. Ó ń dúró kí ẹnì kan wí.

"Ẹ jẹ́ kí a lọ sílé," ni mo wí.

"Rárá. Ìwọ wọlé. Wò ó fún mi, kí o máa sọ ọ́ fún mi."

Mi ò wọ ilé yẹn rí nígbà tí iná ń jó. Mo wọlé. Mo ní kí Àyànkúnlé dáná sí i. Mo dúró síwájú irin ńlá yẹn, ibi tí Bàbá Dúpẹ́ dúró sí lọ́jọ́ náà gan-an.

"Ibo ni omi dé?" ló ké láti ìta.

Mo wo dígí tó ń fi ibi tí omi dé hàn. "Ó ju ìdajì lọ!"

"Ìró rẹ̀ ńkọ́?"

Mo tẹ́tí sílẹ̀. "Ó ń hó lásán ni!"

"Tún gbọ́ ọ!"

Mo tún gbọ́ ọ. Mo sọ fún un. Ó bèèrè, mo dáhùn, ó tún bèèrè. Agolo àkọ́kọ́ jáde lápá kejì, àwọn obìnrin pariwo ayọ̀, ṣùgbọ́n èmi kò kúrò níbẹ̀. Títí tí wọ́n fi pa iná lálẹ́, mo ń ké e síta, ó ń dá mi lóhùn.